Ṣé Lóòótọ́ Ni Kò Ní Ṣí? Lámèyítọ́ Kútẹ́ẹ̀sì àti Lípísítíìkì Olówó Pọ́ọ́kú

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ewì, eré-oníṣe àti ìtàn àròsọ ni a máa ń fi ojú lámèyítọ́ wò nínú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé òǹkọ̀wé nìkan ló ń fi ọ̀rọ̀ ṣèlérí? Kútẹ́ẹ̀sì ń ṣèlérí. Lípísítíìkì náà ń ṣèlérí. Wọ́n tẹ ìlérí ọ̀hún sára páálí, wọ́n fi àwọ̀ góòlù kọ ọ́, wọ́n sì ń gba owó wa lórí ẹ̀. Ohunkóhun tó bá fi ọ̀rọ̀ gba owó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ọ̀rọ̀ náà dáadáa kó sì bi í pé: ṣé bó o ṣe wí náà ni?

Ẹni tí owó kún ọwọ́ ẹ̀ kò ní wàhálà. Bí èyí bá ṣí, á ra òmíràn. Àwa tí a máa ń yọ owó mọ́tò kúrò nínú owó oúnjẹ, ká tó wo ohun tó kù fún ṣíṣe ojú, àwa la nílò kí ẹnì kan sọ òótọ́ fún wa. Ohun tí mo sì ń gbọ́ ní họ́sítẹ́lì kò ju méjì lọ. Àwọn kan á ní, "Ọjà pọ́ọ́kú? Yẹ̀yẹ́ ni jàre." Àwọn kejì á ní, "Gbogbo ẹ̀, ọ̀kan náà ni, orúkọ lásán lẹ ń ra." Èrò tèmi ni pé kò sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì, mo sì ti fi èékánná mẹ́wàá àti ètè méjì wádìí ẹ̀.

Kútẹ́ẹ̀sì mẹ́rin àti lípísítíìkì mẹ́ta ni mo rà. Mo ra díẹ̀ ní kẹ́míìsì ní Bódìjà, mo ra díẹ̀ lórí tábìlì àwọn tó ń tajà ní Agbowó, mo sì ra ọ̀kan lọ́wọ́ obìnrin tó ń gbé atẹ kiri. Kò sí èyí tí owó ẹ̀ ju abọ́ àmàlà kan pẹ̀lú ẹran méjì lọ. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n. Ìdí ni pé ọjà tí wọ́n fi orúkọ olórúkọ tà pọ̀ nílùú yìí. Bí mo bá ní ti lágbájá kò dáa, ta ló mọ̀ bóyá ti lágbájá gan-an ni mo rà? Orúkọ àwọ̀ wọn ni n ó máa pè wọ́n: Pupa, Àgbálùmọ̀, Àlùkò àti Dídán.

Òfin kan ṣoṣo ni mo fi lélẹ̀: n kò ní ké wọn lẹ́rù. Mo fọ aṣọ, mo pọn omi nígbà tí ẹ̀rọ kò yọ, mo kọ nóòtì, mo fi ọwọ́ jẹun. Ẹni tó kọ "ọjọ́ méje" sára ìgò kò mọ̀ pé a ó fi ọwọ́ bó sòkòtò jíǹsì nínú báàfù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń bó jíǹsì yẹn lòun ta kútẹ́ẹ̀sì fún, nítorí náà ibẹ̀ ni a ó ti dán an wò.

Ká tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sọ. Cutex, ilé iṣẹ́ tí Northam Warren dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1911, ni ọ̀rọ̀ wa "kútẹ́ẹ̀sì" ti wá. Ohun tó kọ́kọ́ ń tà kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀dà, omi tó ń mú awọ etí èékánná rọ̀ ni. Nígbà tó yá ló kún ọ̀dà mọ́ ọn, orúkọ ẹ̀ sì wá di orúkọ gbogbo ọ̀dà èékánná lẹ́nu wa, títí kan ti àwọn tó ń bá a dupò. Ohun tó máa ń di awọ lórí èékánná lẹ́yìn tó bá gbẹ ni wọ́n ń pè ní nitrocellulose. Òwú tàbí igi ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á fi ásíìdì yí i padà. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun mọ́tò láyé ọjọ́un. Òórùn tó máa ń gba imú yẹn, ti ethyl acetate àti butyl acetate ni. Àwọn ló ń pò ó kó lè ṣàn, àwọn náà ló sì ń fò lọ sínú afẹ́fẹ́ kó lè gbẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ Pupa ti bẹ̀rẹ̀.

Pupa ti ki nínú ìgò kí n tó rà á, ó fà bí oyin. Ó ti pẹ́ nínú oòrùn. Ìyá tó tà á fún mi ní, "Ọmọ mi, da àsítóònù díẹ̀ sí i, á ṣàn." Lóòótọ́ ló ṣàn. Àmọ́ àsítóònù tó ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́ lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ bọ́ ọ, báwo la ṣe fẹ́ kó wá ràn án lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí a fẹ́ kó dúró? Kò dán mọ́, ó sì rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe fọ aṣọ tán, ó bó kúrò lórí àtàńpàkò lódindi, bí èèpo ẹ̀wà tí a rẹ sómi fún mọ́ínmọ́ín. N kò dá kútẹ́ẹ̀sì nìkan lẹ́bi. Bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹ̀ ló bà á jẹ́. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí ẹ yí ìgò sódì kí ẹ tó sanwó. Bí ọ̀dà inú ẹ̀ kò bá yára ṣàn sí ìdérí, ẹ gbé e padà sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín.

Àgbálùmọ̀ ni ó yà mí lẹ́nu. Kẹ́míìsì ni mo ti rà á, òun ló sì pọ́ọ́kú jù lọ. Ó ṣàn púpọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kùn ún kó tó bo èékánná. Ẹni tí kò ní sùúrù á ti jù ú sígbó. Ṣùgbọ́n ṣíṣàn tó ṣàn yẹn gan-an ni agbára ẹ̀. Kíkùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta máa ń gbẹ dénú. Kíkùn kan ṣoṣo tó nípọn máa ń gbẹ lókè, kó ṣì tutù nísàlẹ̀, ìgbà tí o bá dùbúlẹ̀ ni wàá rí àmì aṣọ bẹ́ẹ̀dì lára ẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún ni Àgbálùmọ̀ tó fọ́ létí lọ́wọ́ ọ̀tún. Lọ́wọ́ òsì, ó pé ọjọ́ méje.

Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì yẹn. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Wọ́n jọ ń wẹ ara wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í jọ jẹun. Nínú gbogbo kútẹ́ẹ̀sì mẹ́rin, ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún àti àtàńpàkò ẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣí. Orúkọ ìka yẹn ti sọ iṣẹ́ ẹ̀ fún wa tipẹ́: òun la fi ń fá ọbẹ̀ lá. Ẹ̀bà gbígbóná, omi ìṣanwọ́, ìka tó ń ha ìdí abọ́, iṣẹ́ ńlá ni fún ọ̀dà fẹ́lẹ́ kan. Omi gan-an ló burú jù níbẹ̀. Èékánná máa ń fa omi mu, á wú díẹ̀. Bó bá gbẹ, á sún kì. Ọ̀dà orí ẹ̀ kò mọ wíwú, kò mọ sísúnkì, ló bá fọ́ létí. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni kun kútẹ́ẹ̀sì nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọṣọ tán. Jẹ́ kí èékánná gbẹ dáadáa, fi òwú àti sípíríìtì díẹ̀ nu òróró kúrò lójú ẹ̀, kí o sì fa búrọ́ọ̀ṣì gba ẹnu èékánná gan-an kó lè dé etí. Kò ná mi ní kọ́bọ̀, ó sì fi ọjọ́ kan àbọ̀ kún ọjọ́ ayé Àgbálùmọ̀ nígbà tí mo tún un kùn.

Àlùkò lẹ́wà. Lórí ọwọ́ dúdú, ó tàn bí aṣọ òkè tuntun. Àmọ́ nígbà tí mo pa á rẹ́ lọ́jọ́ kẹfà, èékánná mi ti yí àwọ̀ padà, bí ẹni tó fi ọwọ́ bó iṣu lọ́sàn-án àná. Àwọ̀ tó bá dúdú jù máa ń wọnú èékánná bí kò bá sí nǹkan tó dí i lọ́nà. Mo wá ra aláìláwọ̀, ìyẹn èyí tó mọ́ gaara bí omi, mo fi ṣe ìpìlẹ̀, mo tún Àlùkò kùn lé e. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, èékánná mi mọ́ nígbà tí mo bọ́ ọ. Bí owó rẹ bá tó ìgò méjì péré, kí ọ̀kan jẹ́ aláìláwọ̀. Ó wúlò ní ìsàlẹ̀, ó wúlò lókè, bó bá sì di ọjọ́ ìdánwò tí o kò fẹ́ ariwo lọ́wọ́, ó lè dá dúró.

Dídán ni a kò lè bá jà. Ọjọ́ kẹsàn-án, ó ṣì wà níbẹ̀, ó ń wò mí. Òun nìkan ló mú ìlérí ẹ̀ ṣẹ, ó sì ṣe é débi tó fi di ìjìyà. Mo rẹ òwú sínú àsítóònù, mo dì í mọ́ ìka, mo jókòó bí aláìsàn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá kó tó gbà láti lọ. Fún ìgbéyàwó, bẹ́ẹ̀ ni. Fún ẹni tó ń lọ sí wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ Ajé, rárá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ̀ pé wọn kì í gba kútẹ́ẹ̀sì láyè lẹ́bàá aláìsàn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gun òkè, ká dé ètè.

Àlá "kò-ní-ṣí" ti pẹ́ láyé. Lọ́dún 1950 ni Hazel Bishop, obìnrin onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Amẹ́ríkà, gbé lípísítíìkì tí kì í ràn mọ́ nǹkan jáde sọ́jà. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń ta ohun ètè ti ń bá ara wọn du wákàtí: ti ẹni yìí mẹ́jọ, ti ẹni yẹn mẹ́rìndínlógún, ti òmíràn mẹ́rìnlélógún. Mo bi ara mi pé, ta ló ń tọ́ ètè fún wákàtí mẹ́rìnlélógún? Ṣé kò ní sùn ni?

Ti àkọ́kọ́ tí mo rà, èyí tí a máa ń yí nídìí kó tó yọrí, "wákàtí mẹ́jọ" ló kọ sára. Ife tíì kan ṣoṣo ló pa á. Mo mu ún lẹ́ẹ̀kan, ìdajì ẹ̀ wà létí ife. Mo gé ẹnu ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ìdajì tó kù bá a lọ. Nígbà tí lẹ́kíṣọ̀ aago mẹ́jọ fi máa parí, ètè mi ti padà sí bí ìyá mi ṣe bí i.

Èkejì ni olómi tó ń gbẹ pì, èyí tó gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ wa báyìí. Wákàtí mẹ́rìnlélógún ni tiẹ̀. Mo sì gbọ́dọ̀ yìn ín: tíì kò mú un, omi kò mú un, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ọwọ́ mi mọ́. Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oríkì ẹ̀. Ìgbà náà ni mo lọ jẹ àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, ewédú àti ọbẹ̀ ata tí epo ẹ̀ léfòó. Kí n tó jẹ òkèlè karùn-ún, àárín ètè ti ṣí tán. Etí ẹ̀ nìkan ló kù yíká, bí àwo tí wọ́n kùn létí. Lọ́jọ́ kejì, àkàrà gbígbóná méjì ló tún ṣe é bákan náà.

Kò sí idán níbẹ̀. Nínú irú lípísítíìkì bẹ́ẹ̀, àwọ̀ wà nínú omi kan tó ń yára fò lọ. Bí omi yẹn bá ti lọ, awọ tó lẹ̀ mọ́ ètè á kù. Awọ yẹn kò bẹ̀rù omi, ṣùgbọ́n òróró ló ń tú u. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ta á fúnra wọn fi máa ń ní kí a fi òróró bọ́ ọ lálẹ́. Ẹ wá rò ó wò: ohun tí òróró ń bọ́, tí wọ́n wá ń tà fún àwa tí epo pupa kì í wọ́n nínú oúnjẹ wa! Kò pa irọ́ o. "Omi kò ràn án" ló kọ, omi kò sì ràn án. Ohun tí kò kọ ni kí a máa wò. Nínú kíláàsì, wọ́n máa ń kọ́ wa pé òǹkọ̀wé lè fi ohun tó dákẹ́ lé lórí sọ̀rọ̀. Páálí lípísítíìkì náà mọ ọgbọ́n yẹn dáadáa.

Ẹ̀kẹta kò ṣèlérí kankan. Kẹ́míìsì ni mo ti rí i, àwọ̀ ẹ̀ dà bí obì tó gbó, wọn kò kọ wákàtí kankan sí i lára. Mo tọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, mo fi ètè tẹ ìwé tíṣù, mo fi àtíkè díẹ̀díẹ̀ lé e, mo tún un tọ́. Ó dé ọ̀sán. Lẹ́yìn àmàlà, ó ti ṣí díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣí dọ́gba láti àárín dé etí, débi pé ẹni tó bá rí mi á rò pé bí ètè mi ṣe rí nìyẹn. Ibẹ̀ ni ìdájọ́ mi yí sí ọ̀nà mìíràn. A ti jẹ́ kí páálí kọ́ wa pé ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni "Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó?" Ìbéèrè tó dáa jù ni "Báwo ló ṣe máa lọ?" Èyí tó máa ṣí tí n kò ní fi dà bí ẹni tó jìjàdù ọbẹ̀, òun ni mo fẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà kò ṣeé fò. Púpọ̀ nínú àwọ̀ tó rọ̀ lórí atẹ, olómi-rósì àti bí-awọ, ètè funfun ni wọ́n rò kí wọ́n tó pò ó. Èròjà funfun tí wọ́n lò láti mú un rọ̀ máa ń yọ lórí ètè dúdú, kó wá dà bí ẹni tó mu ẹ̀kọ gbígbóná tí kò nu ẹnu. Kì í ṣe ètè ẹnikẹ́ni ló burú. Pupa tó jinlẹ̀, àwọ̀ obì, àwọ̀ ọtí wáìnì, àlùkò: àwọn wọ̀nyí ni kì í já wa kulẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni kí ẹ ti dán an wò, kí ẹ sì gbé e síta sí ìmọ́lẹ̀. Ẹ má fi èyí tí gbogbo ọjà ti fi ẹnu kàn kan ẹnu yín láéláé. Kòkòrò tó ń fa egbò ètè kì í béèrè ọmọ họ́sítẹ́lì wo lo jẹ́.

Àwọn kan nínú yín á ti máa sọ pé, "Ṣebí làálì wà?" Ó wà, ó sì ju kútẹ́ẹ̀sì lọ ní ọ̀nà kan: kì í ṣí. Kò jókòó lórí èékánná, ó wọ inú ẹ̀ ni. Bí èékánná bá ṣe ń hù ló ṣe ń sún lọ síwájú, títí tí a ó fi gé e. Àwọn ọ̀rẹ́ mi Mùsùlùmí ti mọ èyí tipẹ́, torí kútẹ́ẹ̀sì máa ń dí omi àlùwàlá lọ́nà, làálì kì í dí i. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má torí ìyẹn sọ pé gbogbo ohun ìbílẹ̀ ló mọ́. Lọ́dún 2011, ní Boston, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan. Tìróò tí wọ́n mú láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń lé sójú ẹ̀, ló fà á. Bí a ṣe ń bi ọjà òyìnbó léèrè, ẹ jẹ́ ká máa bi ti ìyá àgbà náà.

Nǹkan tí kò ṣeé fi ṣeré ló kù. Láti ọdún 1993 ni a ti ní NAFDAC nílẹ̀ yìí. Ẹ wo nọ́ńbà wọn lára páálí. Bí kò bá sí, ẹ bi olùtajà léèrè. Ẹ wo ọ̀rọ̀ "3-free" lára ìgò kútẹ́ẹ̀sì. Ohun tó ń sọ ni pé wọn kò fi toluene, formaldehyde àti dibutyl phthalate sí i, àwọn mẹ́ta tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá ti yọ kúrò nítorí ìlera. Mo rí i lára Àgbálùmọ̀ tó pọ́ọ́kú jù, n kò rí i lára Dídán tó wọ́n jù, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi iye owó díwọ̀n ewu. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹni mẹ́fà tó ń kun kútẹ́ẹ̀sì nínú yàrá tí wọ́n tì pa, orí á fọ́ wọn. Bí iná bá sì lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan àbẹ́là sẹ́bàá ìgò kútẹ́ẹ̀sì tàbí àsítóònù, ẹ má sì kùn ún nítòsí sítóòfù. Ó máa ń gbiná kíákíá. Mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀ irú ìdílé tó ti wá.

Ìdájọ́ mi nìyí. Àgbálùmọ̀ borí nínú kútẹ́ẹ̀sì, kì í ṣe torí pé òun ló pẹ́ jù, torí pé ó ṣiṣẹ́ tó tó owó ẹ̀, ó sì gbà láti lọ nígbà tí mo ní kó lọ. Àlùkò ṣe ìkejì, bí aláìláwọ̀ bá wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Dídán wà fún ọjọ́ ayẹyẹ. Pupa, kí Ọlọ́run dáríjì ẹni tó gbé e sóòrùn. Nínú lípísítíìkì, aláìṣèlérí ló gba ipò kìíní. Olómi tó ń gbẹ yẹn dáa fún ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ sọ̀rọ̀ níwájú èrò tí ẹ kò ní jẹun. Oníwákàtí-mẹ́jọ, kó lọ tún wákàtí kà.

Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ wa tó ń bi mí pé kí ni èyí ń wá nínú ìwé àwọn òǹkọ̀wé, èsì mi kò gùn. Owó kékeré tí ọmọbìnrin fi pamọ́ láti fi ṣe ara ẹ̀ lóge, owó ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ọ̀rọ̀ ni. Iṣẹ́ wa sì ni láti ka ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀rí tó yàtọ̀ sí tèmi, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó sì fi ránṣẹ́ sí olóòtú kí ẹ̀dà tó ń bọ̀ tó jáde. Àtíkè àti ìpara ojú ṣì wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi léèrè.